Má Jẹ́ Kí Wọ́n Da Òróró sí Ríìmù Kẹ̀kẹ́ Rẹ

Ilé Bàbá Àgbà,
Ọ̀fà.

Ọdún 1970.

Délé, Àlàó ọkọ mi,

Mo kí ọ ní àárọ̀, mo kí ọ ní ọ̀sán, mo kí ọ ní alẹ́, torí mi ò mọ ìgbà tí lẹ́tà yìí máa tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Fúnmi ẹ̀gbọ́n rẹ ń kí ọ. Ọmọ tuntun tó bí, èyí tí mo ti Kánò wá bá a wẹ̀, náà ń fi ẹkún kí ọ, torí kò tíì mọ nǹkan mìíràn ṣe. Ara gbogbo wa le. Èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ mi kọ lẹ́tà yìí o. Ọmọ tíṣà tó wà ní ilé kejì sí wa ní òun máa bá mi kọ ọ́, mo ní rárá, o ṣé. Kí ló fẹ́ mọ̀ nípa ilé wa? Ìyá Ṣadé tó ń padà lọ sí Kánò ni mo fi rán sí ọ. Mo ti lẹ̀ ẹ́ pa, mo tún fi òwú rán etí rẹ̀. Ìyá Ṣadé kì í ṣe ènìyàn burúkú, àmọ́ ìrìn àjò ọkọ̀ ojú irin gùn, ojú ènìyàn a sì máa wá nǹkan tó máa kà.

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á, mo tún un kà. Pé wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ akọ̀wé ní Nàsáráwá, inú mi dùn, mo jó lẹ́yìnkùlé títí Fúnmi fi jáde wá wò mí bóyá ara mi yá. Pé o ti ra kẹ̀kẹ́ tí wàá máa gùn láti Sábọ̀n Gàrí lọ síbi iṣẹ́, inú mi dùn díẹ̀. Pé ìjọ fẹ́ ya kẹ̀kẹ́ náà sí mímọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, àti pé Bàbá Ládéjọ ló máa fi òróró yàn án, háà, Délé, ibẹ̀ ni àyà mi ti já. Òróró yẹn ló gbé mi dìde tí mo fi wá bírò. Gbogbo nǹkan mìíràn tí màá sọ, mò ń sọ ọ́ torí pé ìyá rẹ ni mí, ẹnu mi ò sì lè dákẹ́. Àmọ́ tó o bá dé ibi òróró, jókòó kà á. Má fò ó.

Mo mọ̀ ọ́ pé o máa ń fo nǹkan.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́, ta ló ta kẹ̀kẹ́ yẹn fún ọ? O kọ ọ́ pé ọ̀gbẹ́ni dáadáa kan ni, ní àdúgbò Nómánsì Láǹdì. Kí lo fi mọ̀ pé ó dáa? Ṣé torí ó ń rẹ́rìn-ín? Ta ló fẹ́ ta ọjà tó máa lejú mọ́ oníbàárà? Wá ibi tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí lára irin, lábẹ́ ìjókòó. Fi ìka rẹ pa á. Tí wọ́n bá ti fi fáìlì họ ọ́, ó máa tẹ́jú bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Lẹ́yìn náà kó o mú rìsíìtì, kó o wò ó bóyá nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ ni ti ara irin. Tí wọn ò bá bá ara wọn mu, mú àgbàlagbà kan dání kó o dá kẹ̀kẹ́ náà padà fún un lójú gbogbo ayé. Ọlọ́pàá ò ní bi ọ́ bóyá ẹni tó tà á fún ọ ní ẹ̀rín lẹ́nu. Ẹni tí wọ́n bá bá lórí kẹ̀kẹ́ olè ni wọ́n ń mú lọ.

Èkejì, láísẹ́ǹsì. Má rò pé mọ́tò nìkan ló ń gba láísẹ́ǹsì. Kẹ̀kẹ́ ní tirẹ̀, wọ́n á fún ọ ní páànù kékeré kan tí wàá fi mọ́ ọn níwájú, ọdọọdún lo sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ gbà á. Ẹnì kan máa wá bá ọ tó máa ní òun mọ ènìyàn ní ọ́fíìsì, pé kó o mú owó wá, òun á bá ọ ṣe é kíá. Mo ti mọ irú wọn. Páànù ti ọdún tó kọjá ni wọ́n ń fi ọ̀dà kùn. O máa wà lójú títì, wàá máa rò pé ìwé rẹ ti pé, àfi ìgbà tí dóká, ọlọ́pàá ìbílẹ̀ wọn, bá ní kó o sọ̀ kalẹ̀, tí àwọn tó ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ ń wò ọ́ bí wọ́n ṣe ń wo olè. Kí lo fẹ́ sọ fún ọ̀gá rẹ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?

Ẹ̀kẹta, iná. Iná iwájú, gíláàsì pupa ẹ̀yìn, kí ìdí mọ́dígáàdì ẹ̀yìn sì funfun kí awakọ̀ lè rí ọ. Má sọ fún mi pé o kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà ọyẹ́, eruku Kánò lè mú kí àárọ̀ dúdú bí ìrọ̀lẹ́, ìwọ náà sì mọ̀ ọ́n. Àti aago. Lù ú kó o tó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn, má lù ú nígbà tó o bá ti dé ẹ̀yìn rẹ̀, torí ẹni tí àyà rẹ̀ bá já lójijì lè fò bọ́ sí iwájú rẹ. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ ọ̀sán Jímọ̀, tí àwọn èèyàn ti tò sójú ọ̀nà lápá Fágè tí wọ́n ń kírun, mi ò fẹ́ gbọ́ aago kankan. Sọ̀ kalẹ̀. Fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ gba ẹ̀yìn wọn, tàbí kó o dúró kí wọ́n parí. Ìlú wọn ni, wọ́n sì gbà wá láyè láti ìgbà bàbá àgbà rẹ.

Apá òsì ni ọ̀nà tìrẹ. Apá òsì, Délé. Má gba àárín, má sì gba ẹ̀gbẹ́ gọ́tà jù, torí àwọn gọ́tà Sábọ̀n Gàrí yẹn la ẹnu sílẹ̀, wọn ò sì lójú. Tó o bá fẹ́ yà, kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn, kó o wá na ọwọ́ rẹ gbọnrangandan, kì í ṣe kó o mi ìka kékeré bí ẹni tó ń pe ọ̀rẹ́bìnrin. Tó o bá dé ibi tí ọ̀nà rélùwéè ti dábùú títì, sọ̀ kalẹ̀. Mo ní sọ̀ kalẹ̀! Táyà kẹ̀kẹ́ máa ń wọ inú ihò irin yẹn, á sì há síbẹ̀.

Àwọn lọ́rì tó ń kó ẹ̀pà ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọkùnrin máa ń di ẹ̀yìn wọn mú kí wọ́n lè máa fà yín lọ. Má purọ́ fún mi nínú èsì rẹ, mo mọ̀ pé o ti ṣe é rí. Awakọ̀ yẹn ò mọ̀ pé o wà lẹ́yìn òun. Ó lè tẹ búréèkì nígbàkígbà, torí ìgbín, torí màlúù, torí pé ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ sí i ní àárọ̀. Mi ò fọkàn tán awakọ̀ lọ́rì kankan, títí kan èyí tó bá jẹ́ ọmọ ìjọ wa. Àwọn tó jẹ́ ọmọ ìjọ gan-an ló burú jù, wọ́n máa ń pa ojú dé tí orin bá wọ̀ wọ́n lára.

Ṣòkòtò rẹ. Mo gbọ́ pé télọ̀ yín ti ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò fẹ̀ báyìí. Kíá ni ṣéènì máa gbé e. Fi okùn so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Sùtánà ńkọ́? Má gun kẹ̀kẹ́ nínú sùtánà láé. A kì í wọ bàtà sí sùtánà, mo mọ̀, ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ lásán lo máa fi tẹ pẹ́dàlì, aṣọ funfun yẹn á sì máa fẹ́ yí ṣéènì kiri. Ká sùtánà rẹ, dì í sínú báàgì, wọ ṣòkòtò àti bàtà gun kẹ̀kẹ́, kó o wá wọ̀ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ìjọ. Tí wọ́n bá ní o ò fi ìwà mímọ́ jáde nílé, ní kí wọ́n kọ̀wé sí mi.

Mo ń sọ̀rọ̀ aṣọ yìí, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Kánò, tí mo ń ra aṣọ ní Kántìn Kwárì wá tà ní Sábọ̀n Gàrí, ọ̀dọ́kùnrin kan ní òun máa fi kẹ̀kẹ́ gbé èmi àti aṣọ mi délé, kí n má wàhálà. Mo jókòó sórí irin ẹ̀yìn tí wọ́n ń pè ní kárí́à, mo gbé dìpọ̀ aṣọ lé itan. Mi ò tiẹ̀ bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n gùn. Etí ìró mi wọ inú ṣéènì, ó ń fà á, ó ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń fà á, a sì jọ bọ́ sínú gọ́tà níwájú àwọn tó ń ta aṣọ. Gbogbo wọn ló ń kí mi pẹ̀lẹ́ ní Haúsá pé, "Sannu, Mama! Sannu!" wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ìró ti wà lọ́wọ́ ṣéènì, kí ni mo fẹ́ fi dìde? Torí náà, má gbé ènìyàn sí kárí́à. Mo sì mọ ẹni tí mò ń bá wí. Ọmọbìnrin tó ń kọ ohùn òkè nínú ẹgbẹ́ akọrin yẹn ní ẹsẹ̀ méjì, jẹ́ kó fi rìn. Bí o bá fẹ́ràn rẹ̀, ti kẹ̀kẹ́ kó o máa bá a rìn lọ. Ọ̀rọ̀ á tiẹ̀ pẹ́ lẹ́nu yín dáadáa.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Ó yá, ká sọ̀rọ̀ òróró.

Délé, o mọ̀ pé títí bàbá rẹ fi kú, ẹsẹ̀ ló ń fi rìn lọ Nàsáráwá tó ń fi rìn bọ̀. Òun pẹ̀lú agbòòrùn rẹ̀. O máa ń sọ pé ahun ni. Mo gbọ́ ọ nígbà tó ò ń sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé bàbá rẹ láwọ́ sí gbogbo ayé àfi sí ara rẹ̀. Mo dákẹ́, torí ó ní òun ò fẹ́ kí n sọ ọ́. Ní báyìí tí òun ti sinmi, tí ìwọ sì ti ní kẹ̀kẹ́, mi ò ní dákẹ́ mọ́.

Bàbá rẹ ní kẹ̀kẹ́ rí. Nígbà náà o wà ní Ọ̀fà níbí lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ, torí a fẹ́ kó o gbọ́ Yorùbá dáadáa, ká má baà máa fi Yorùbá bi ọ́ ní nǹkan kó o máa fi Haúsá dá wa lóhùn. Bó o ti rí i, kò ṣiṣẹ́ púpọ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bàbá rẹ síṣẹ́ nígbà yẹn, bí wọ́n ti gbà ọ́ yìí gan-an. Ó ra kẹ̀kẹ́ tuntun nínú páálí, Málàm Ìdí tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa sì tò ó pọ̀ fún un. Kẹ̀kẹ́ náà ń dán. Bàbá rẹ kì í jẹ́ kí n fi ọwọ́ kàn án.

Ni ìjọ bá ní àwọn máa yà á sí mímọ́. Wọ́n gbé e dúró níwájú pẹpẹ. Bàbá Ládéjọ yìí náà ni, ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà yẹn, ohùn rẹ̀ ń mi pátákó òrùlé. Ó da òróró sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ó da á sí ìjókòó. Ó wá ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ló ń tẹ ilẹ̀ tí ọ̀tá dọdẹ sí, torí náà ẹsẹ̀ ni òróró gbọ́dọ̀ pọ̀ sí jù. Ó ní kí wọ́n máa yí táyà, òun sì ń da òróró sára ríìmù bó ti ń yí, iwájú yí po, ẹ̀yìn yí po. A ń kọrin, a ń pàtẹ́wọ́. Ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi àkísà nù ún, pé kó gbẹ fúnra rẹ̀. Délé, ìgbà wo ni òróró gbẹ rí? Èmi tí mo ń fi epo dáná lójoojúmọ́ wà níbẹ̀, mo ń ṣe àmín.

Wo búréèkì kẹ̀kẹ́ rẹ báyìí. Dìde, lọ wò ó kó o tó padà wá kà á. Ṣé o rí àwọn rọ́bà kéékèèké yẹn? Ríìmù ni wọ́n ń dì mú tó o bá fún ọwọ́ búréèkì. Tí ríìmù bá ń yọ̀, kí ni wọ́n máa dì mú?

Ọjọ́ kejì bàbá rẹ gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Lápá Fágè, àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru igi ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọmọbìnrin kékeré kan tó ru kúlíkúlí já gba àárín wọn bọ́ síwájú rẹ̀. Bàbá rẹ rí i. Kì í ṣe pé kò rí i. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, mo fún búréèkì títí ìka fi ń dùn mí, ńṣe ló ń lọ. Ńṣe ló ń lọ bí ẹni pé mi ò ṣe nǹkan kan." Kẹ̀kẹ́ gbá ọmọ náà lulẹ̀, bàbá rẹ àti kẹ̀kẹ́ sì wó lé e lẹ́sẹ̀. Kúlíkúlí fọ́n ká gbogbo títì. Ó ní ọmọ náà ò tiẹ̀ kọ́kọ́ sunkún, ọwọ́ ló ń nà, tó fẹ́ máa ṣa ọjà ìyá rẹ̀.

Ọlọ́pàá dé. Ó gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sókè, ó fi ọwọ́ yí táyà, ó sì fún búréèkì. Táyà ń yí lọ. Ó wo bàbá rẹ, ó ní, "Ina birki?" Ó ń béèrè pé búréèkì dà. Ní kóòtù, wọ́n ka ẹ̀sùn sí i lọ́rùn pé ó gun kẹ̀kẹ́ tí búréèkì rẹ̀ ò mú, ó sì ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe. Ẹnikẹ́ni ò béèrè ẹni tó gbàdúrà sí kẹ̀kẹ́ náà. Òfin ò bìkítà fún ìyẹn, kó o mọ̀.

Gbọ́ ohun tí a wá ṣe. Ìjọ pàdé. Bàbá Ládéjọ ní òun rí i nínú ìran pé ẹni tí kì í ṣe tiwa ti fi ọwọ́ burúkú kan kẹ̀kẹ́ náà. Gbogbo ojú ló yí sí ọ̀dọ̀ Málàm Ìdí. Ta ló tò ó? Ta ló mọ búréèkì sí i? Ọjọ́ tó ń tò ó, ṣé kì í ṣe pé ó ń sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́nu? Bẹ́ẹ̀ tẹ̀sùbáà ló wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà! Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ ìjọ kan ò gbé táyà tó jò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó wá sílé wa, ó dúró ní ìta, ó ní, "Wallahi, Baba Dele, mo de búréèkì yẹn dáadáa. Ìwọ fúnra rẹ dán an wò níwájú mi." Òótọ́ ni, ó dán an wò. Bàbá rẹ kẹ̀yìn sí i. Èmi náà ń wò ó láti ojú fèrèsé, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá mo máa rí oògùn.

Ṣòkòtò kákí tí bàbá rẹ wọ̀ lọ́jọ́ náà ni mo wá ń fọ̀. Ẹsẹ̀ kan rẹ̀ ní àmì gbọọrọ kan tó tẹ̀ kọ́rọ́, bíi ti ríìmù, ọṣẹ ò sì hó níbẹ̀ rárá. Mo gbé e sí imú. Lọ́fínńdà tí Bàbá Ládéjọ máa ń pò mọ́ òróró ìjọ ni mo gbọ́. Mo lọ síbi tí kẹ̀kẹ́ fara ti ògiri, mo fi ìka yí ríìmù po, ìka mi dúdú, ó sì ń yọ̀ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. Mo pe bàbá rẹ. Mo na ìka sí i. Òun náà fi ìka tirẹ̀ pa á. Délé, ọkùnrin yẹn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.

Ó lọ bẹ Málàm Ìdí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lójú ọjà. Ó lọ sọ fún Bàbá Ládéjọ, ìyẹn ní òróró mímọ́ kò lè ṣe ibi láéláé. Mo mọ̀ dájú pé ohun tó máa sọ fún ìwọ náà nìyẹn. Bàbá rẹ gbé kẹ̀kẹ́ náà fún ẹni tó fẹ́ ẹ, lẹ́yìn tó ti fi ọṣẹ fọ ríìmù rẹ̀ tán, kò sì gun òmíràn mọ́.

O mọ ọmọbìnrin náà. Ladi ni. Ladi tó ń dín àkàrà kósé ní ìkòríta wa, tó máa ń fi ẹyọ kan lé e fún ọ ní àràárọ̀. Oníṣẹ́ egungun to ẹsẹ̀ rẹ̀, àmọ́ ó jinná kúrú. Ìdí tó fi ń tiro nìyẹn. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni bàbá rẹ ń lọ kí wọn ní Fágè. Níbẹ̀rẹ̀, ìyá Ladi máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, bàbá rẹ á gbé ìrẹsì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á sì padà. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi ṣílẹ̀kùn. Òun ló wá àyè fún Ladi láti gbé agbada rẹ̀ sí ìkòríta wa nígbà tó dàgbà. Nígbà tó o sì ti Ọ̀fà dé, o rántí pé ò ń tẹ̀ lé Ladi lẹ́yìn, tó ò ń tiro bíi tiẹ̀, tí àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín? Ọjọ́ kan ṣoṣo tí bàbá rẹ nà ọ́ láyé nìyẹn. O ò mọ ohun tó dé, o sunkún sùn. Òun náà ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Torí náà, ohun tí wàá ṣe nìyí. Mi ò ní kó o má lọ sí ìjọ, mi ò sì ní kó o ta ko àgbà. Kó o tó ti kẹ̀kẹ́ wọlé, lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ládéjọ nílé rẹ̀, kó o ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, orí mi ni kí ẹ ta òróró sí. Èmi ni mò ń lọ sójú títì." Tó bá gbà, a dúpẹ́. Tí kò bá gbà, fún un ní ọwọ́ kẹ̀kẹ́ àti ìjókòó kó ta á síbẹ̀. Tó bá fi ipá da á sí ríìmù, má bá a jà, má sì gùn ún. Fi ọwọ́ tì í délé. Bu omi gbígbóná, fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ ríìmù méjèèjì, fọ àwọn rọ́bà náà, kó o fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n. Tí wọ́n bá ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, ní kí wọ́n kà á sí mi lọ́rùn, màá bá Ọlọ́run sọ ọ́ fúnra mi. Tó o bá ní lọ́jọ́ kan búréèkì ò mú, kò sí ẹni tí màá kọ́kọ́ fura sí ju ìwọ alára lọ.

O mọ̀ pé mi ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Oníkẹ̀kẹ́, ọlọ́pàá, awakọ̀, akọrin, gbogbo wọn ni mò ń ṣọ́. Mi ò kọ̀ kí ìwọ náà máa ṣọ́ wọn. Àmọ́ ilé wa ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Kó o tó fura sí ẹni tó mú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, wo ọwọ́ àwọn tó ń bá ọ ṣe àmín, kó o wo ọwọ́ tìrẹ náà. Tó o bá sì rí Málàm Ìdí, gbé kẹ̀kẹ́ rẹ fún un kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti darúgbó, àmọ́ ó ṣì ń jókòó síbẹ̀. Kí i fún mi.

Ó ku nǹkan kan. Kí n tó kúrò ní Kánò ni Sani, ọmọ Ladi, bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Ní báyìí, mo mọ̀ pé eré ló ń sá. Ladi ní ẹsẹ̀ kan tó pé, kò lè lé e bá. Mo ti rí i tẹ́lẹ̀, bí aago kẹ̀kẹ́ bá ti dún ní ìkòríta yẹn, ńṣe ni Ladi máa ń fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á fa ọmọ náà mọ́ra. Ìwọ lo sì ti kọ́ ọmọ náà ní súìtì jíjẹ. Tó bá rí ọ lọ́ọ̀ọ́kán, "Dele! Dele!" ló máa ń pariwo, á sì já gba ojú títì wá pàdé rẹ, kò ní wo ọ̀tún, kò ní wo òsì.

Ó máa rí ọ lórí kẹ̀kẹ́ tuntun yẹn, Délé. Ó máa sáré wá. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ọ́, jẹ́ kó jẹ́ kẹ̀kẹ́ tó lè dúró.

Èmi ni, Àbẹ̀kẹ́,
ìyá tó bí ọ.